Àmì ohùn ń yẹ̀ nínú lẹ́tà ìtàlíìkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé òwe kan ló fẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé níbí ní Àjàṣẹ́. Òwe Yorùbá wà ní ìtàlíìkì (lẹ́tà dagẹ̀rẹ̀) onísérífù, ìyẹn èyí tó ní ìrù kéékèèké létí, ìwọ̀n 11. Ìtumọ̀ Faransé wà ní lẹ́tà tó dúró ṣánṣán.

Faransé ò yọni lẹ́nu: é àti è ní kóòdù tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ṣe ni àmì ohùn ń gun lẹ́tà lẹ́yìn. Bí ẹni tó ya fọ́ńtì ò bá ṣe ibi ìdúró fún un, á yẹ̀. Ìtàlíìkì ló burú jù, torí lẹ́tà dagẹ̀rẹ̀: àmì òkè gbọ́dọ̀ sún sọ́tùn-ún, tìsàlẹ̀ sósì díẹ̀. Nínú «ọ̀bẹ̀», àmì àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí b!

Fọ́ńtì Gentium tò wọ́n dáadáa, ó sì gba ɛ àti ɔ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ ó tín-ín-rín lójú mi. Ṣé Gentium Book tó nípọn díẹ̀ á tó, àbí kí n gbé e sí 12? Pépà wa ń mu íńkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ èyí tí kọ̀ǹpútà kàn tì dagẹ̀rẹ̀. Ẹ wo a rẹ̀: bó bá ṣì tẹ orí bíi ti lẹ́tà tó dúró, ayédèrú ni.