Gopher inú pápá Amẹ́ríkà: ohun tí ojú wa rí

Láti Kansas

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa gopher, ẹranko bí eku tó ń gbẹ́ ihò gbé inú ilẹ̀. Ìtòsí Konza Prairie, pápá koríko kan níbí, ni mò ń gbé, níbi tí koríko ti máa ń ga ju èèyàn lọ tó bá di oṣù Kẹsàn-án tí òjò sì dáa.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Mo rí òdòdó dandelion kan tó ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Ó dúró, ó tún gbọ̀n, ló bá wọlẹ̀ lọ tewétewé! Gopher ló ti di gbòǹgbò rẹ̀ mú nísàlẹ̀, tó ń fà á wọ ihò. Mo lóṣòó, mò ń retí. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wú, iyẹ̀pẹ̀ tútù yọ, orí tẹ̀lé e: ojú bíńtín, etí tí èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, eyín gígùn tó yọ síta bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn eyín ni ètè rẹ̀ ti ń pa dé, ìyẹn ni iyẹ̀pẹ̀ kì í fi í wọ̀ ọ́ lẹ́nu tó bá ń fi eyín gbẹ́lẹ̀. Ó fi àyà àti ọwọ́ ti iyẹ̀pẹ̀ síta, ó padà, ó tún kó òmíràn dé, lẹ́yìn náà ló dí ihò náà pa. Nítorí ejò àti badger, ẹranko apẹran tó mọ ilẹ̀ gbẹ́, ló ṣe ń dí i.

Àwọn kan ní iyẹ̀pẹ̀ ló ń kó sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rárá o, oúnjẹ ni. Òkété ilé wa náà ní àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ inú ẹnu ni tirẹ̀ wà. Ti gopher ṣí síta, irun sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni májèlé tí àwọn èèyàn ń dà sínú ihò gopher ní pápá tí kò sí oko kankan. Orí ebè tuntun tí gopher kó jọ yẹn ni irúgbìn kéékèèké tí koríko gíga ìbá fún pa ti ń ráyè hù. Ẹni tó gbin alfalfa, ewé oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, lẹ́jọ́ rò, mo gbà. Pápá ńkọ́?

Láti Colorado

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má rò pé àwọn gopher ń sùn nígbà òtútù o. Lórí òkè níbí, nígbà tí yìnyín yọ́ tán, mo bá iyẹ̀pẹ̀ gbọọrọ tó lọ́ kiri lórí koríko, ó nípọn tó apá ọmọdé. Inú yìnyín ni wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà kiri, wọ́n wá rọ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú nísàlẹ̀ sínú ọ̀nà náà. Yìnyín lọ, iyẹ̀pẹ̀ kù. Ẹni tó bá wà níbi tí yìnyín ti ń pẹ́, kó tètè lọ wò ó kí òjò tó wó o.