Ṣé òtítọ́ tó pa èèyàn ṣì ń jẹ́ òtítọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìwà àwọn ará Íńdíà, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú Mahabharata, ewì ìtàn ńlá àtijọ́ ti Íńdíà, òrìṣà Krishna sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kaushika fún jagunjagun Arjuna. Kaushika yìí ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní purọ́ láé. Àwọn èèyàn kan sá wọ igbó nítorí olè. Olè dé, wọ́n bi Kaushika, ó sì júwe ibi tí àwọn tó sá náà gbà. Àwọn olè náà pa wọ́n. Ọ̀run àpáàdì ni Kaushika bá ara rẹ̀, tòun ti òtítọ́ ẹ̀. Ìyẹn yé mi: ahimsa, kéèyàn má ṣe ẹ̀dá kankan ní jàǹbá, ló borí. Àlàyé tí Vyasa ṣe lórí Yoga Sutra, ìwé àtijọ́ nípa yoga, náà sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń pa ẹ̀dá lára kì í ṣe òtítọ́.

Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, ló wá dà mí láàmú. Ó ní ahimsa ni ọ̀nà, òtítọ́ ni ibi tí à ń lọ, ó tún ní Òtítọ́ ni Ọlọ́run. Kí ni ì bá ti ṣe ní ipò Kaushika? Ṣé á purọ́ ni, àbí á dákẹ́, kí wọ́n lu òun fúnra rẹ̀ pa? Ibo ló ti sọ̀rọ̀ nípa irú ẹ̀?

Ẹ má kàn ní "bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni" o. Olùkọ́ mi ti sọ ìyẹn.