Eré ẹṣin níbi ìpàtẹ ọjà Iléyá: tí wọ́n bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ sí i, ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gbàṣẹ?

Ẹlẹ́ṣin Pákátà:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹṣin méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ti darúgbó, kò ju kó jẹ koríko kó sì sùn lọ. Èkejì, pupa kan tó ní àmì funfun níwájú orí, òun ni mo máa ń gùn lọ sí Dọ́bà, ìwọ́de ẹṣin níwájú ààfin ní Ìlọrin níbí lẹ́yìn Iléyá. Ohun tó ń jẹ lóṣù kan ju owó iléèwé àwọn ọmọ mi méjì lọ: eèrí ọkà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, iyọ̀, ká má tíì dé orí dókítà ẹran.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan ṣe ìpàtẹ ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún, wọ́n sì ní kí ẹṣin mẹ́fà sáré. Kò sẹ́ni tó kéde tẹ́tẹ́ kankan. Àmọ́ ká tó gbéra, ọmọkùnrin kan ti mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ́wọ́, ó ń gba ₦500 lọ́wọ́ tẹni tẹni, ó ń kọ orúkọ. Eré parí, a ò rí òun, a ò rí ìwé. Ni ìjà bá bẹ́. Ipò kejì lèmi ṣe, wọ́n sì sọ òkúta lu ẹṣin mi, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fa ìjánu mọ́ ọn kó má baà borí. Èmi! Ẹṣin tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ láti kékeré! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tiro.

Wọ́n tún ti gbé e dé. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn á ṣe é létòlétò: tíkẹ́ẹ̀tì, àpótí owó, kí ẹgbẹ́ yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn tó mú ẹṣin tó borí pín ìyókù. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Wọ́n sì fẹ́ kí n mú ẹṣin wá.

Ìbéèrè mi nìyí: ta ló ń fúnni láṣẹ irú ẹ̀? Ṣé Àbùjá ni àbí ìjọba ìpínlẹ̀? Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe tí oníwèé àkọsílẹ̀ tiwọn ò fi ń sá lọ?

Lọ́yà Tankẹ:

Ti Àbùjá ò le. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí ìjọba Èkó ti gbé lọ síbẹ̀ láti 2008. Wọ́n ní àwọn aṣòfin Àbùjá ò lágbára láti ṣòfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Òfin lọ́tìrì ọdún 2005 wá di òfin tí kò kọjá olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àṣẹ Àbùjá sí yín níwájú, ẹ má kà á sí. Ìpínlẹ̀ ló lọ̀rọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé Penal Code ti Àríwá, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn, la fi ń ṣèdájọ́ ní Kwara, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀, kí èsì sì wá lórí ìwé kí wọ́n tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. "Mo mọ ọ̀gá kan ní sẹ̀kìtéríàtì" kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìwọ ẹlẹ́ṣin lọlọ́pàá á kọ́kọ́ mú, torí ẹṣin ò ṣeé gbé sápò sá lọ.

Ọmọ Òkèlélé tó wà ní California:

Àbúrò, o bá mi níbi ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti wà níbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo sì fi jókòó sójú fèrèsé tẹ́tẹ́ níbi ìpàtẹ Alameda County ní Pleasanton. Pápá eré ẹṣin tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1858.

Ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kan wà tó ń rí sí eré ẹṣin, CHRB là ń pè é. Ọdún 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún náà gan-an làwọn ará California dìbò pé kí tẹ́tẹ́ ẹṣin bófin mu. Ìpàtẹ kan ò lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun fẹ́ sáré. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń pín ọjọ́. Olówó ẹṣin gbàwé àṣẹ, ẹni tó ń kọ́ ẹṣin gbà á, ẹni tó ń gùn ún gbà á, ẹni tó ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ gbà á. Èmi tí mo kàn ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà á, wọ́n sì tẹ ìka mi kí n tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ oníwèé àkọsílẹ̀ rẹ wà.

Ìṣirò tí àwọn ọ̀dọ́ yín sọ kò burú, bó ṣe rí nìyẹn. Ká ní ₦200,000 ló wọlé. Wọ́n yọ ₦40,000, ó ku ₦160,000. Bí ₦80,000 bá wà lórí ẹṣin tó borí, tíkẹ́ẹ̀tì ₦500 kọ̀ọ̀kan á gba ₦1,000. Bó bá jẹ́ ₦20,000 péré ló wà lórí rẹ̀, ₦4,000 ni. Adùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbowó ò bìkítà ẹṣin tó borí, ìdá tirẹ̀ ò yí padà, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ló ń bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ̀rọ ló ń kà á, pátákó ńlá kan sì dojú kọ gbogbo èrò, owó tó wà lórí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń yí lójú wọn títí ilẹ̀kùn ibi tí àwọn ẹṣin ti ń gbéra á fi ṣí. Lójú ẹsẹ̀ náà ni fèrèsé mi á tì. Kódà bí ìyá mi bá dé lẹ́yìn náà, kò lè rí tíkẹ́ẹ̀tì rà.

Ọ̀rọ̀ òkúta tí wọ́n sọ lu ẹṣin rẹ dùn mí. Adájọ́ eré mẹ́ta ló máa ń jókòó sókè níbí, wọ́n á wo fídíò eré náà látọ̀tún látòsì. Bí ẹnì kan bá dí ẹlòmíì lọ́nà, tàbí tó fa ìjánu lọ́nà ẹ̀rú, wọ́n lè já a wálẹ̀ láti ipò kìíní. Mo rántí ọ̀sán kan báyìí. Bàbá kan fa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya níwájú mi, ó ń bú ẹṣin. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ẹṣin tó ṣe kìíní kúrò, ẹṣin tirẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti rí i, ó ń ṣa bébà láàárín ẹsẹ̀ èrò. Ó rí ìlàjì kan. Ìlàjì kejì, mi ò mọ̀ bóyá ó rí i.

Ti ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń náni jù. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, dókítà ẹran á fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ní kó sáré díẹ̀ lójú òun. Èyí tó bá tiro, ilé ló ń lọ. Eré parí, wọ́n á mú èyí tó borí lọ síbi àyẹ̀wò láti gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, torí oògùn. Wàá rí àgbàlagbà ọkùnrin tó fi igi gígùn gbé ife, tó ń rọra súfèé kí ẹṣin lè tọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí. Pàṣán pàápàá níye: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí wọ́n fi lu ẹṣin nínú eré kan. Lẹ́yìn tí ẹṣin bíi 30 kú ní pápá Santa Anita lọ́dún 2019 ni gómìnà fọwọ́ sí òfin tó fún CHRB lágbára láti dá eré dúró wàràwàrà.

Wàyí o, má jẹ́ kí wọ́n fi òkè òkun tàn ọ́. Pápá ńlá tó wà lẹ́bàá San Francisco ti kógbá wọlé ní oṣù kẹfà 2024. Nígbà tó di 2025, ìpàtẹ Pleasanton ṣẹlẹ̀ láìsí eré ẹṣin. Owó tó ń wọlé ò gbé ìnáwó mọ́. Fèrèsé mi ti di ibi tí wọ́n ń kó àga sí.

Álfà Agbájí:

Ọmọ mi, Lọ́yà ti sọ tìjọba, bọ̀ọ̀dá yín ti sọ tòyìnbó. Ànábì wa fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ẹṣin sáré. Ibn Umar ló ròyìn rẹ̀, òun náà sì gùn lọ́jọ́ náà: àwọn ẹṣin tí wọ́n ti kọ́ dáadáa sáré ọ̀nà jíjìn, láti Hafyā dé Thaniyyatul-Wadā, àwọn tí wọn ò tíì kọ́ sá ọ̀nà kúkúrú. Wọn ò dà wọ́n pọ̀. Ṣé wọ́n dà wọ́n pọ̀ lọ́dún tó kọjá? Mo mọ̀ pé wọ́n dà wọ́n pọ̀.

Ẹ̀bùn eré ẹṣin tọ́, bí ẹni tí kò sí nínú eré bá gbé e kalẹ̀, yálà ọba, ìjọba, tàbí oníṣòwò. Kí èrò ìwòran máa dáwó kí ẹnì kan sì kó tẹlòmíì lọ, maysir nìyẹn, tẹ́tẹ́ tí Kùránì kọ̀, Sūratul-Māida ẹsẹ 90 ò fi bò. Orúkọ tuntun tí wọ́n fún un ò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ìyẹ̀rú Ọ̀fà:

Ẹ̀yin lẹ ṣáà ń pariwo pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé yín. Eégún yín ti wá ń ta tẹ́tẹ́ báyìí! Ẹ gbé ìpàtẹ náà wá sí Ọ̀fà. Ìjàkadì lorò tiwa, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ ní ewé ẹ̀pà.

Ẹlẹ́ṣin Pákátà:

Ìyẹ̀rú, ìwọ wá gun ẹṣin lẹ́yìn mi ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣubú.

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sípàdé lálẹ́ àná. Mo ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ hàn mí, wọ́n ní ó ń bọ̀. Mo ní ta ló máa sanwó dókítà ẹran, wọ́n ní ṣebí ẹṣin ò ṣàìsàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká yọwọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, ká bẹ oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba kó gbé àgbò kalẹ̀ fún ẹni tó bá borí, ká sì fi okùn dá èrò dúró. Àwọn àgbà méjì mi orí, àwọn ọ̀dọ́ ń wo fóònù. Bí ti àgbò bá wọlé, màá gun ẹṣin mi wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú èkàn ló máa wà.

Bọ̀ọ̀dá California, ẹ béèrè oníwèé àkọsílẹ̀. Ó wà nípàdé. Òun ni wọ́n fi ṣe akápò.