Kó, gbà, tàbí yọ: orúkọ wo ni ó yẹ fíìmù àwọn ọmọ ogun tó ń wá aráàlú lọ sójú ìpakúpa?

Ẹ̀yin àgbà wa, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín.

Àbúrò wa tó ń kọ àlàyé fíìmù ní èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń wá orúkọ fún irú fíìmù ogun kan tí gbogbo wa mọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti máa ń wọ ilẹ̀ tí ẹ̀yà kan ti ń pa ẹ̀yà kejì, láti lọ wá àwọn tí kò gbé ìbọn. Bàbá wa láti Ìbàdàn ní kí ó pè é ní "fíìmù ìgbàlà ogun". Ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní "fíìmù ìkójáde" ló tọ́, nítorí pé kíkó ni wọ́n ń kó wọn. Ẹnì kẹta ní kí a máa pe àwọn tí wọ́n ń kó náà ní "alágbádá". Mo ti ka ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé alágbádá kúrò lọ́nà. A mọ orísun ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tí àwọn ológun ń gbàjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà ni ẹnu wa mọ́ "ìjọba alágbádá", kí a lè fi dá ìjọba àwọn olóṣèlú mọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn oníkakí. Ẹni tó ń du ipò ni alágbádá. Obìnrin tó pọn ọmọ, tó ru ìkòkò kan ṣoṣo tó kù nílé rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ òfìfo sá gba inú igbó, agbádá wo ló wọ̀? "Aláìmọwọ́mẹsẹ̀" tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn kò yanjú rẹ̀ bákan náà, nítorí ìdájọ́ ni ìyẹn. Ní Rwanda lọ́dún 1994, aráàlú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fa àdá yọ sí aládùúgbò wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, ọwọ́ wọn kò sì mọ́. "Aráàlú" ni mo fara mọ́, kí a sì fi "tí kò gbé ohun ìjà" kún un níbi tó bá pọn dandan. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkójáde ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìṣe "kó" ní ìtàn lẹ́nu wa, ìtàn náà kò sì dùn. Nígbàkígbà tí ogun tàbí ọmọ ogun bá jẹ́ olùwà, tí ènìyàn sì jẹ́ àbọ̀, ìgbèkùn ni etí Yorùbá ń gbọ́. Ẹni tí a bá sọ pé "ogun kó" ti di ẹrú nìyẹn. "Ìkógun" ni ẹrù tí jagunjagun rù bọ̀ láti ìlú onílùú. Nínú oríkì ọ̀pọ̀ ìdílé tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọjá lára wọn, ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò wa bá kọ ọ́ pé "àwọn ọmọ ogun wọ abúlé náà, wọ́n sì kó gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀", ìyá àgbà tó bá gbọ́ ọ yóò ṣe "háà!", kò ní dúpẹ́. "Jáde" tàbí "kúrò" tí a bá so mọ́ ọn lè dín ẹ̀rù náà kù, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́ pátápátá.

Síbẹ̀ mo ní láti gbè sẹ́yìn ìyá wa lápá kan, nítorí pé ohun kan wà tí ìkójáde bá mu rẹ́gí. Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1994, wọ́n yin bàálù tó gbé Ààrẹ Juvénal Habyarimana ti Rwanda àti Ààrẹ Cyprien Ntaryamira ti Burundi lulẹ̀ bí ó ti fẹ́ balẹ̀ ní Kigali, ìpakúpa àwọn ẹ̀yà Tutsi sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Bẹ́ljíọ̀mù ti balẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ìbọn, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ìlú wọn àti àwọn aláwọ̀ funfun mìíràn ni wọ́n wá kó, wọ́n sì kó wọn tán. Ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Kigali, École Technique Officielle, nǹkan bí 2,000 ènìyàn ló ti sá wá sábẹ́ ààbò àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù tó wà níbẹ̀ lórúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àwọn Interahamwe, ẹgbẹ́ apànìyàn àwọn Hutu, ti wà nítòsí, wọ́n ń retí ìgbà tí ẹnu ọ̀nà yóò ṣófo, wọ́n sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù.

Orúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ funfun wọ̀nyẹn ni ìkójáde: a kó àwọn tiwa, a fi àwọn tó kù sílẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí akínkanjú inú fíìmù ń ṣe fún àjèjì, kí ni a ó wá pe ti Kigali? Mo bẹ ìyá wa kí a fi ìkójáde sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Fíìmù tí àbúrò wa ń kọ nípa rẹ̀ gan-an fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ó sì ṣeé ṣe kí òun tìkara rẹ̀ má tíì kíyè sí i. Tears of the Sun ni, èyí tí Antoine Fuqua darí tó sì jáde lọ́dún 2003. Nàìjíríà ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ṣùgbọ́n erékùṣù Hawaii ni wọ́n ti ya igbó tí a ń wò. (Ẹni tó bá mọ igbó wa yóò ti fura sí àwọn òkè náà.) Wọ́n rán ọ̀gágun kan, tí Bruce Willis ṣe, pé kí ó lọ mú dókítà obìnrin kan wá, òun àti àlùfáà àti àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà náà kọ̀, ó ní òun kò ní fi àwọn aláìsàn òun sílẹ̀. Ọ̀gágun dọ́gbọ́n, ó jẹ́ kí àwọn tó lè rìn bá wọn dé ibi tí hẹlikópítà yóò ti balẹ̀, ó sì fi tipátipá ti dókítà nìkan wọlé. Láti òkè ni wọ́n ti rí ibi iṣẹ́ náà tí wọ́n ti jó, tí òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Ìgbà náà ni ó ní kí wọ́n yí padà. Wọ́n kó àwọn ọmọdé àti arúgbó sínú hẹlikópítà, àwọn ọmọ ogun sì bá àwọn tó kù fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnubodè Kamẹrúùnù.

Ẹ wò ó, hẹlikópítà kan náà ni, àwọn ọmọ ogun kan náà ni, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo kọ ìrìn ìkínní àti ìkejì. Ní ìkínní wọ́n gbé dókítà. Ní ìkejì nìkan ni nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, orúkọ nǹkan mìíràn yẹn ni a ń wá.

Bàbá wa ní "ìgbàlà" ni. N kò lè bá ọ̀rọ̀ náà jà, nítorí pé èdè wa ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Bíbélì ti wọlé, ìgbàlà ti fi ojú ogun sílẹ̀, ó ti lọ jókòó sí ilé ìjọsìn. Ẹni tó bá rí "fíìmù ìgbàlà" lára pátákó ní Ìbàdàn yóò rò pé àwọn eléré ìhìnrere ló gbé e jáde, kò sì jẹ̀bi. Ìdí kejì tí n kò fi fẹ́ ẹ ni pé ẹni tó gbani ni ìgbàlà ń gbé ga. Ẹni tí a gbà kò ní ohùn nínú rẹ̀.

Ó ya mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó dárúkọ Àjàyí Crowther nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé òun ni ọ̀gá nínú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí "Olùgbàlà" wà nínú rẹ̀, ọmọ ogun ló sì gba òun fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn (ẹ ṣàkíyèsí "kó" náà). Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrú lóṣù kẹrin ọdún 1822. Kí ọkọ̀ náà tó lọ jìnnà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ká a mọ́, tí wọ́n sì gbé Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ wọ ọkọ̀ ogun Myrmidon. Nínú ìtàn tí ó kọ lọ́dún 1837, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí níbẹ̀: ẹran kan tó funfun tí wọ́n so rọ̀, àti ọta àgbá rogodo rogodo tí wọ́n tò sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà rò pé ẹran ènìyàn ni èyí tó wà lókè, orí àwọn tí wọ́n ti pa jẹ sì ni èyí tó wà nílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran náà, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n máa ń fi iná jó irun ara ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nílùú rẹ̀, kò rí ẹlẹ́dẹ̀ tí awọ rẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò rẹ̀ ni ọkàn wọn tó balẹ̀ díẹ̀.

Lójú ọmọ tó tó ọdún méjìlá yẹn, wọ́n tún ti kó òun lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ẹni tó yìnbọn ló mọ̀ pé ìgbàlà ni. Ẹni tí wọ́n gbé láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó bọ́ nínú ewu náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

A sì ní in nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde láàyè nínú jàǹbá ọkọ̀, a ó lọ kí i pé "Ẹ kú ewu", yóò sì dáhùn pé "Ọlọ́run ló yọ mí." Kì í sọ pé "Ọlọ́run kó mi jáde." "Yọ" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó fi ojú ẹni tó wà nínú ihò wo nǹkan. A ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, a ń yọ ọmọ tó kó sí kànga, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀gágun Mbaye Diagne, ọmọ Senegal tó jẹ́ alákìíyèsí ológun fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Kigali, ṣe é gan-an bẹ́ẹ̀. Kò gbé ìbọn. Ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ènìyàn mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi sìgá àti àwàdà kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó dènà ojú ọ̀nà, ó ń padà lọ gbé òmíràn. Lára àwọn tí ó gbé pamọ́ ni àwọn ọmọ Agathe Uwilingiyimana, olórí ìjọba tí wọ́n pa lọ́jọ́ 7 oṣù kẹrin. Àfọ́kù ọta ló pa òun náà lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró níbi ìdènà kan. Ó yọ́ kẹ́lẹ́ yọ wọ́n ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń jiyàn lé lórí, "yọ" nìkan ni ìtàn rẹ̀ gbà láìjanpata.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé síwájú yín ni "ayọnilógun" fún ẹni tó ń ṣe é, àti "ìyọnilógun" fún ìṣe náà. Ìlànà tó bí "apanilẹ́rìn-ín" ló bí i: yọ, ẹni, ní, ogun, fáwẹ́lì "ní" jẹ, "n" sì di "l" níwájú "o". Mo kọ́kọ́ gbìyànjú "ìyọniléwu", ṣùgbọ́n "léwu" tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ìṣe náà gan-an ló léwu.

Mo mọ ibi tí wọn yóò ti bù mí jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà sí létí bú sẹ́rìn-ín, ó ní "ayọnilẹ́nu" ni òun gbọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n jọra. Àríwísí gidi ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé àwọn ọmọ ogun tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ kì í sábà jìnnà sí ayọnilẹ́nu.

Ó ku "ogun ẹ̀yà" tí gbogbo wa ń kọ láìbìkítà. Ogun ni ohun tí ẹni méjì ń bá ara wọn jà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Tutsi kì í ṣe ìjà, "ìpẹ̀yàrun" ni kí a máa pè é. Àwọn ará Rwanda fi ohun èlò kan náà ṣẹ̀dá "itsembabwoko" tiwọn, láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí pípa run àti "ubwoko" tó jẹ́ ẹ̀yà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé "apẹ̀tùsáàwọ̀" bá ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mu, nítorí pé àgbà tó jókòó láàárín oníjà méjì ni apẹ̀tùsáàwọ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1994 ni Ìgbìmọ̀ Ààbò dín iye wọn ní Rwanda kù láti nǹkan bí 2,500 sí 270. Bí Henry Anyidoho, igbákejì ọ̀gá wọn níbẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun Gánà rẹ̀ kò bá kọ̀ láti lọ, díẹ̀ ni ì bá kù. "Aṣọ́làáfíà" ni mo fi dábàá, ẹni tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ nǹkan láìjẹ́ kí ó jà fún un.

Àbúrò wa, fún ìgbà yìí ná, kọ "gbé" síbi tí wọ́n ti ti dókítà wọ hẹlikópítà, kí o sì kọ "yọ" láti ibi tí wọ́n ti yí padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá ní ọ̀rọ̀ tí kò jọ ayọnilẹ́nu, tí kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo ti ṣetán láti fi tèmi sílẹ̀ fún un.