Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo lọ́sẹ̀: báwo lẹ ṣe ń gbádùn tiyín?

Ọmọ Òrílé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ń tajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Sùúrùlérè, ìdúró ni mo máa ń wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́jọ alẹ́. Ọjọ́rú nìkan ni mo fi ń sinmi, gbogbo ẹbí sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n bá òun mú ọmọ níléèwé, ìyàwó onílé á rán mi lọ sí Oyíngbo. Tí mo bá sì jókòó jẹ́ẹ́, á máa ṣe mí bíi pé mo ń ṣọ̀lẹ. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí lẹ máa ń ṣe tí ara fi ń tù yín?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fọ aṣọ ẹ lálẹ́ Ìṣẹ́gun, kí Ọjọ́rú má bá a nílẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, tètè lọ bá ẹlẹ́wà àgànyìn kó tó tà tán. Ní kó bu ata dúdú yẹn sí i dáadáa, kí epo ẹ̀ yí ẹ̀wà ká. Fọwọ́ ya búrẹ́dì Agége tó ṣì gbóná, má fi ọ̀bẹ gé e. Má dìde títí wàá fi nu àwo.

Mẹkáníìkì Múṣín:
Oorun ọ̀sán. Tí iná bá wà, tan fáànù, sùn.

Ará Ìta Fájì:
Òrílé lo wà, o wá ń wá ibi tó o máa lọ? Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023 ń kọjá níbẹ̀! Mú káàdì Cowry ẹ tá a fi ń sanwó ọkọ̀, wọ ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ tán, kó o jókòó sí fèrèsé apá ọ̀tún. Tó bá ti kúrò ní ibùdókọ̀ Tíátà (National Theatre), orí ọ̀sà ló kàn, wàá máa wo ebúté Àpápá. Sọ̀ ní Marina, rọra rìn lọ sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn Òyìnbó fi ibẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, 2010 ló di ọgbà ìgbafẹ́. Jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń mí.

Télọ̀ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
Ẹ ò tíì dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹbí o. Àbúrò mi, láti ọjọ́ Ajé ni kó o ti sọ fún wọn pé o ò ní ráyè. Má ṣàlàyé. Pa fóònù di ọ̀sán. Inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ni mo máa ń ti tèmi bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni gààrí Ìjẹ̀bú, omi tútù àti ẹ̀pà. Tètè mu ún nígbà tó ṣì ń dún kẹ̀ùkẹ̀ù lẹ́nu.

Ọmọ Òrílé:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti lọ! Bí ọkọ̀ ṣe gun orí omi, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra bọ́ bàtà ẹ̀. Èmi náà bọ́ tèmi. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé Marina. Nígbà tí mo tan fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pè é padà, ó ní aládùúgbò ti bá òun mú ọmọ. Ó wá bi mí níbi tí mo wà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.