Òrùka kọ́, ẹ̀gbà ni: èsì lórí ríìngì písítìnì sùkútà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ ṣẹ̀dá fún àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì Òṣogbo: "odó" fún sílíńdà, "ọmọ odó" fún písítìnì, "òrùka ọmọ odó" fún ríìngì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ là, tó yí písítìnì ká kí agbára má baà jò. Ẹ tún wá fi ìlànà kan lé e: "Fa ẹnu òrùka ya, kí o yí i bọ ọmọ odó lọ́rùn, irin rirọ ni." Odó àti ọmọ odó dùn mọ́ mi, n kò ní bá yín jà lé wọn lórí. Ìyókù nìjà wà.

"Rirọ" tí ẹ kò fi àmì sí yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ rírọ, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn: ọkọ́, àdá, òòlù. Bó bá jẹ́ rírọ̀, ohun tó ṣeé tẹ̀ ni. Ríìngì sùkútà kékeré kò sí nínú méjèèjì. Irin tí wọ́n dà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ó ń ta padà bí a bá rọra ṣí i, ṣùgbọ́n kì í gba títẹ̀. Agbára pọ̀ jù díẹ̀, ó kán nìyẹn. Ọmọṣẹ́ tó bá ka tiyín sí rírọ̀ yóò padà lọ ra òmíràn.

"Fa ẹnu rẹ̀ ya" tún burú ju ìyẹn lọ. Aṣọ là ń fà ya, ìwé là ń fà ya. Àwọn bàbá tó ń tún Vespa ṣe láyé àtijọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọṣẹ́ wọn, ẹ̀yin náà sì mọ̀. "Ṣí i" ni, "díẹ̀" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àtàńpàkò méjèèjì ni yóò wà létí ẹnu ríìngì, ìka tó kù yóò gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Kí ẹnu ṣí mọ ìwọ̀n tí yóò fi kọjá lórí písítìnì, ó tán. Ti ìsàlẹ̀ là ń kọ́kọ́ fi sí i, kí ti òkè tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú, kó to páànù pẹlẹbẹ tín-ín-rín mẹ́ta sára písítìnì, kí ríìngì máa yọ̀ lórí wọn dé poro rẹ̀, ìyẹn ojú ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ yí písítìnì ká fún un.

"Yí i bọ̀" ni n kò lè gbà rárá. Bí a bá ti etí kan wọ poro tí a wá ń yí ìyókù tẹ̀ lé e, ríìngì á lọ́. Bí kò tilẹ̀ kán, kò ní jókòó tẹ́jú mọ́. Ibì kan ṣoṣo tí yíyí ti tọ̀nà ni ríìngì ọ́ìlì alápá mẹ́ta ti ẹ́ńjìnnì sùkútà tí kì í mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, irú GY6: irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ìyẹn ṣeé yí wọlé. Kí etí méjèèjì tẹ́ńṣọ̀n (súpíríìngì) àárín wọn kanra lásán, kí wọ́n má gun ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí "òrùka" fúnra rẹ̀. Òrùka kò lẹ́nu, ríìngì lẹ́nu, ẹnu yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ ló jọ. Bí ooru bá mú ríìngì, ó ń gbòòrò; bí àlàfo ẹnu bá kéré jù, etí méjèèjì á kọlu ara wọn, ríìngì á kán tàbí kó ha odó. Bó bá fẹ̀ jù, agbára á máa jò, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè jí. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni mìlímítà 0.1 fún mìlímítà 25 kọ̀ọ̀kan tí ihò sílíńdà fẹ̀. Fún ihò mìlímítà 40, bí 0.16 nìyẹn. Ìwé ẹ́ńjìnnì ló láṣẹ jù. Kí á tó fi í sára písítìnì, kí á kọ́kọ́ kì í sínú sílíńdà òfìfo, kí á fi orí písítìnì tì í kó tẹ́jú, níbi tí kò sí fèrèsé (ihò ara sílíńdà tí epo àti èéfín ń gbà), kí á wá fi fílà géèjì, àwọn ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, wọn ẹnu rẹ̀. Bó bá fún jù, fáìlì wẹ́wẹ́ láti ìta lọ sínú nìkan. Bí a bá ń fà á bọ̀, etí rẹ̀ á ré.

Ẹni tó sọ níjẹta pé ẹ̀gbà á mú kí àwọn èèyàn ronú àrùn ẹ̀gbà: òótọ́ ni pé ohùn wọn dọ́gba. Ta ló wá sá fún ẹ̀gbà ọrùn nítorí àrùn? Ẹni tó ní a ó ṣì í gbọ́ fún ará Abẹ́òkúta, ohùn òkè ló parí Ẹ̀gbá. Kó lọ fọ etí.

Poro tí mo lò lókè yẹn, mo mọ̀ pé ẹjọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Kí á fi wàhálà oko sílẹ̀ ná. Èédú inú poro ni kí á kọ́kọ́ ha kúrò, ẹ̀kúfọ́ ríìngì àtijọ́ ló dára jù fún un, torí ó bá poro mu. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo àti ọ́ìlì pọ̀, ìṣó kékeré kan wà nínú poro kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ríìngì gbọ́dọ̀ gba ìṣó yẹn sáàárín. Bí ríìngì bá gun orí ìṣó, sílíńdà kò ní sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá sì fi òòlù lù ú yóò gbọ́ "kán". Kí á má sì yí sílíńdà sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń wọlé, kí etí ríìngì má baà há sí fèrèsé. Nínú GY6 kò sí ìṣó. Ẹnu ríìngì ni a ó pín yí písítìnì ká kí wọ́n má tò síbì kan, kí ojú tí wọ́n kọ lẹ́tà sí máa wo òkè.

Ọ́ìlì díẹ̀ lára gbogbo rẹ̀, igi pẹlẹbẹ méjì lábẹ́ písítìnì kó má mì, èékánná tẹ ríìngì pa, sílíńdà á sọ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò tíì fún sákílíìpù, wáyà kékeré tó ń di pínnì písítìnì mú, lórúkọ, òun ló sì ń fò bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì bí a kò bá fi àkísà dí ẹnu rẹ̀. Tuntun là ń lò nígbàkúùgbà. Bí ẹ bá tún fẹ́ pe ìyẹn ní òrùka, òun náà lẹ́nu o.