Bàbá mi ò gbà kí ọbẹ̀ má níyọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi, ádímíìn ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni o, ẹni ọdún 63. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àyà ti ń fún wọn pinpin tí wọ́n bá ti ń gun Òkè Àrẹ̀mọ bọ̀ wálé, tí wọ́n bá jókòó á lọlẹ̀, àwa ń pè é ní atẹ́gùn. Ìgbà tá a dé ọsibítù ni dókítà ní iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra ẹ̀ ni ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ nínú, ó ti há. Wọ́n kó oògùn fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n pa sìgá tì, kí wọ́n máa rìn. Ọbẹ̀ tí màámi sè láìsí Màgí, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ṣé àwọn ti di ewúrẹ́ ni. Sìgá, mo ṣì ń gbóòórùn ẹ̀ lára aṣọ wọn. Èyí tó wá já mi láyà ni pé lánàá ni mo rí i pé oògùn ò dín, wọ́n ní ara àwọn ti yá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́kọ mi, ìjà ló dà. Ẹ máa dín in díẹ̀díẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, áyù, irú tẹ́ ẹ fọ̀ dáadáa àti efinrin, ẹ jẹ́ kó pọ̀. Ẹran ọlọ́ràá àti òróró tá a fi dín àkàrà lánàá tá a tún fẹ́ fi dín dòdò lónìí, mo ti lé wọn jáde, ẹja Titus la ń jẹ, síse o. Epo pupa, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Àgbo Dára: Ẹ wá àgbo fún wọn jàre, òyìnbó ò mọ èyí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Àgbo tá ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀ lè bá oògùn wọn jà, ẹ jọ̀ọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, ti Màgí, búrẹ́dì àti Indomie wà níbẹ̀. Àmọ́ oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, ara tó yá yẹn, òun ló mú un yá. Tí wọ́n bá ní èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, kí wọ́n má fi oògùn agbára ọkùnrin kún un rárá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ọkùnrin ni kó bi wọ́n o.

Bàbá Arólé: Ọmọ mi, èmi gan-an ni mo ní in. Má wàásù fún un, ìgbà tọ́mọ mi ń wàásù fún mi ni mo mu sìgá jù. Ọ̀rẹ́ tá a jọ ń ta ayò ló wá ń pè mí jáde láàárọ̀, ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ti di 30 báyìí, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Tí àyà bá fún, màá dúró. Tí mo bá sinmi tí ò lọ, tàbí tí òógùn tútù bò mí, ọsibítù ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Èmi ni mo ń ka oògùn fún wọn báyìí. Ti oògùn ọkùnrin yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rán, ó ní wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọn ò dáhùn. A ti wá inú àpò wọn.